Ọ̀kẹ́ Méjì

Iṣẹ́ mi ni kí n díye lé ènìyàn.
Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì mi ní Duluth
mo ń wo ọkọ̀ gìrìwò tí wọ́n ń di òkúta irin kún,
wọn a wọ̀n ọ́n kó tó ṣí.
Adájọ́ ní tirẹ̀ a kọ̀wé sí mi:
tọkọtaya yìí ń tú ká,
obìnrin yìí, bó bá múra síṣẹ́, èló ló lè pa lọ́dún?
Èmi a sì dáhùn.
Ìdáhùn ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú oṣù Kejì,
Verna Kivisto wọlé tòun ti yìnyín léjìká.
Ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé oníṣègùn eyín, ọdún mẹ́ta péré;
ìwé àṣẹ rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó ti bí Reuben.
Mo ní, láti ìgbà náà ńkọ́?
Ó wo àjà. “Ilé ni mo wà.”
Fọ́ọ̀mù mi kò ní àyè fún ilé.
Mo fa ìlà kan gbọọrọ, ọdún mọ́kàndínlógún,
kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀,
ó dà bí adágún tó ti dì lóde.

Mo wá gbé pátákó oníhò kalẹ̀,
àti èèkàn irin wínníwínní nínú abọ́.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ó yá.
Ó wù mí kí n ní, “Ìyá, ẹ rọra.”
Òfin iṣẹ́ kò gbà á.

Ọwọ́ obìnrin náà gbéra.
Mo ti rí ọwọ́ ẹni tí ń tún aago ṣe,
n kò tíì rí irú èyí.
Kò tilẹ̀ wo ihò.
“Níbo lẹ ti kọ́ ọ?”
“Ikùn lọmọ mi ti ń jẹun. Rọ́bà tín-ín-rín kan ni.
Lóru mi ò kì í tanná, kó má baà jí.
Mo máa ń so ó, mo máa ń tú u.”
Lẹ́yìn náà, bí ẹni ń tijú: “Mo ṣe dáadáa?”
Mo ní, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn,
ẹ fẹ̀yìn márùndínlọ́gọ́rùn-ún balẹ̀.
Ojú rẹ̀ là.
Ó ní kí n tún un sọ.
Mo tún un sọ.

Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun.
Èyí mọ ọwọ́ wẹ̀,
mímọ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi bu oúnjẹ rẹ̀ kù.
Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti yá tó
ni owó tí Curtis yóò máa san yóò ti kéré tó,
agbẹjọ́rò Curtis ló sì rán mi níṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kan ń bẹ lódìkejì afárá, ní Superior,
wọ́n ń to ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ọwọ́ bí èyí ni wọ́n ń wá.
Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì:
ọ̀kẹ́ méjì dọ́là lọ́dún.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀,
ó sì dà bíi pé àpò ni, méjì,
tí mo gbé lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà.
Ta ni yóò máa so rọ́bà ní wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́?
Ẹnikẹ́ni kò bi mí.
Mo kọ ìyẹn náà, ìsàlẹ̀ ojú ewé kọkànlá,
ní lẹ́tà tó kéré ju èèkàn lọ.

Kó tó lọ, ó kó àwọn èèkàn náà padà sínú abọ́,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú,
níwọ̀n ìgbà tí n kò ka aago mọ́.

Nígbà tí ilé dá, mo jókòó sí ipò rẹ̀.
Mẹ́tàlá. Méjì já bọ́.
Mo wá wọn lábẹ́ tábìlì títí iná ọkọ̀ fi ń tàn lórí yìnyín.
Mo rí ọ̀kan.
Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn,
mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un
pé iye rẹ̀ kò pé.