Ojú Ewé Tí Wọ́n Gé

Yàrá ìsàlẹ̀, ilé ìpamọ́ ìwé, ní Nauvoo.
Níta, odò Misisípì ti dì bí ọ̀rá lójú ọbẹ̀ àná.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ òwú. Ìwé méjì wà níwájú mi.

Ọ̀kan ni ìwé ojoojúmọ́ Thankful Pettibone,
ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì,
oṣù Karùn-ún, ọdún 1843:
"Òjò. Mo gbin ẹ̀wà. Lovina kò sùn sílé."
Ó tán. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e, abẹ ni wọ́n fi gé e,
etí rẹ̀ ṣẹ́ kù bí eyín tó kán sínú erìgì.

Èkejì ni ìbúra Orsamus Kell níwájú adájọ́,
ogójì ọdún lẹ́yìn náà.
Ó ní ojú òun ló ṣe, lóru, ní ìkọ̀kọ̀,
tí wọ́n fa Lovina lé alàgbà kan lọ́wọ́ bí aya.
Àtùpà mẹ́ta ló ń jó. Kóòtù alàgbà, àwọ̀ ewé.
Àtùpà mẹ́ta! Lẹ́yìn ogójì ọdún!
Èmi tí mi ò rántí aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.
Lóòótọ́, Kell bá ìjọ jà nítorí ilẹ̀, ó pàdánù oko,
ìbínú a sì máa po tàdáwà.
Ṣùgbọ́n ta ní í ka iye ìgbà tí a ṣubú, bí kò ṣe ọ̀tá?
Ẹni tó fẹ́ràn wa ló ń mú abẹ.

Mo gbé ìwé Kell sójú iná:
òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ọdún mu.
Ojúlówó ni ìwé náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́?

Arábìnrin Ardith wá láti Yúútà, àrọ́mọdọ́mọ ilé Pettibone,
ó mú kéèkì kárọ́ọ̀tì dání.
"Kọ ọ́ pé irọ́ ni," ó rọra wí.
Ọ̀mọ̀wé kan pè láti Áyówà:
"Ewé tí wọ́n gé, ẹ̀rí nìyẹn!"
Mo jẹ kéèkì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìyá mi ní ọdún tí eṣú jẹ oko run ni wọ́n bí òun;
àbúrò rẹ̀ ní rárá o, ọdún tí afárá wó ni.
Wọ́n jiyàn títí ikú fi mú ọ̀kan.
Lára ibojì, a kọ "nǹkan bí" ṣíwájú ọdún.
Agbẹ́kùúta ní ká san owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Lovina fúnra rẹ̀ kò fi lẹ́tà kan sílẹ̀.
Wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò pè é.

Àfi ẹ̀yìn ìwé ìyá rẹ̀, níbi tí ọwọ́ mìíràn
ti ka irúgbìn: àlùbọ́sà mọ́kànlá, elégédé mẹ́rin,
lẹ́tà gbọọrọ, bí ẹni tó ń kánjú jáde.
Mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀.
Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́ sílẹ̀.