Àtùpà Ojú Fèrèsé

Ọjọ́ mẹ́ta ni yìnyín fi bo Nẹbráskà mọ́lẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta ni Elmer Vondracek ò kúrò nídìí rédíò,
kọfí rẹ̀ ti dì, ohùn rẹ̀ ti há:
“Wọ́n ti rí ọmọ Haskins. Ó wà láàyè.
Ẹ gbé àtùpà sójú fèrèsé,
Opal Drury ṣì wà níta.”

Nígbà tó di oṣù kẹrin, Niú Yọ́ọ̀kì ránṣẹ́ pè é.
Kóòtù àyálò fún un láyà.
Wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́, idẹ tó ń dán,
àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò orí páànù.
Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀.

Ó wo máíkì náà títí.
Ẹnu tó ń tú bí omi di àgádágodo.
“Opal Drury,” ló wí nígbẹ̀yìn,
“ọmọ ọdún mọ́kànlá.

A ò tíì pa àtùpà.”