Àjẹ̀ Ìyá Mi

Ọdún mẹ́ta ni mo dá a lò
nínú yàrá kan ní Lágbàdé, létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́:
ètò kọ̀ǹpútà kékeré, igba ìlà ó lé díẹ̀,
tó ń gba ohun tí mo bá kọ lóru,
tó ń tò ó sójú ewé, tó ń fi ọjọ́ lé e lórí.
Kò lẹ́wà. Bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ mi ni;
ẹlòmíì kò lè wọ̀ ọ́ kó má tiro.

Tísà Múínátù rí i, ó ní,
"Fún mi, kí n fi tọ́jú àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi."
Mo ní ó yá. Mo ṣí inú rẹ̀ wò kí n tó fà á lé e lọ́wọ́,
ojú sì tì mí.

Páásíwọ̀dù mi jókòó sí ìlà kẹtàdínlógún
bí ẹni tó ń wẹ̀ láìti ilẹ̀kùn.
Orúkọ Adékúnbi wà ní ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan,
a sì ti fi ara wa sílẹ̀ láti èṣí.
"Gbé e lọ sílé mi," ni ètò náà ń wí níbi gbogbo,
àfi bí ẹni pé kò sílé mìíràn láyé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara mi kúrò.
Níbi tí ilé mi wà, mo kọ: ilé rẹ.
Oṣù kan gbáko, jẹnẹrétọ̀ Alàgbà Sánúsí ń han lẹ́yìn ògiri,
mo ń ṣàlàyé ohun tí n kò ṣàlàyé fún ara mi rí.
Ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gùn:
Gbà á. Tún un ṣe. Fún ẹlòmíì. Má yọ orúkọ mi.
Bó bá bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ, má pè mí lẹ́jọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn.
Lẹ́yìn náà ni Sẹ̀wánù kọ̀wé láti Àgbádárìgì,
ẹni tí n kò fojú rí títí dòní:
"Ẹ̀gbọ́n, ètò yín ń gé orí ọ̀rọ̀, ó ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo kọ nípa ajé, mo kọ nípa àjẹ́,
orúkọ kan náà ló sọ àwọn méjèèjì,
èyí tó dé kẹ́yìn sì gbé ti ìṣáájú mì."

Mo dìde jókòó. Mo wá inú àpótí tèmi.
Lọ́dún kìíní, mo ti kọ nípa àjẹ̀ ìyá mi,
igi tó fi ń tukọ̀ kọjá ọ̀sà kílẹ̀ tó mọ́,
ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti jẹ ihò sí i.
N kò rí i. Ohun tí mo bá lábẹ́ orúkọ rẹ̀
ni ìṣirò owó ẹja.
N kò mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ nù.
Èmi nìkan ni òǹkàwé ara mi,
òǹkàwé náà kì í sì í padà wẹ̀yìn.

Àtúnṣe Sẹ̀wánù kò ju ìlà mẹ́rin lọ.
Mo gbà á wọlé, mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tèmi.
Lówùúrọ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ sétí omi,
mo tún àjẹ̀ ìyá mi kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.
Kò rí bí ti àkọ́kọ́ mọ́.
Ihò àtàǹpàkò ṣì wà níbẹ̀.