Lára Òpó Ilẹ̀kùn

Ọdún keje rèé tí mo ti ń gbé ilé Gwenllian,
ní Aberystwyth, níbi tí ẹyẹ òkun
ti ń jí ènìyàn kí aago tó dún.
Mi ò bèèrè mọ́ kí n tó ṣí fíríìjì.
Ìyẹn nìkan gbà mí lọ́dún méjì.

Àpò ìdọ̀tí dúdú méjì ni wọ́n fi kó ẹrù mi wá.
Mo ṣì ká ọ̀kan pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ajá ilé ló mọ̀. Kò lè rojọ́.

Lọ́jọ́rú, Delyth á dé láti ọ́fíìsì ìjọba
pẹ̀lú fáìlì tó sanra jù mí lọ:
“Iestyn, láti oókan dé ẹ̀wá,
báwo ni inú rẹ ṣe dùn tó?”
Méje ni mo máa ń pè.
Bí mo bá pe mẹ́wàá, wọ́n á ní irọ́ ni;
bí mo bá pe mẹ́ta, wọ́n á pèpàdé.

Kíláàsì wa ń lọ sí Faransé.
Bàbá Macsen buwọ́ lùwé tirẹ̀ nídìí tíì,
búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Tèmi lọ bá ẹnì kan tí kò mojú mi, nílùú míì.
Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀,
kí ìwé tó dé.

Ìyá mi wà láyé. Ẹ má pè mí lọ́mọ òrukàn.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún la ń ríra nínú yàrá kan tó ní aago,
à ń jẹ bisikíìtì kí ẹnu má baà dí.
Bí mo bá rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ níhìn-ín,
kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀rín rẹ̀ ni.

Àgbàtọ́ ni wọ́n ń pè é.
Gbígbà yá: àpò méjì, òru òjò.
Títọ́ ni kì í yá bọ̀rọ̀.

Lára òpó ilẹ̀kùn ilé ìdáná
ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsùlù wọn gíga wa.
Tegid mọ síbi ìbàdí mi.
Carys ò ju àyà lọ.
Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà.
Orúkọ tèmi ń gun igi náà lọ bí èèrà.

Ó ku oṣù mọ́kànlá kí n pé méjìdínlógún,
kí owó ìjọba dúró.

Lánàá, Gwenllian ń kun ilé ìdáná ní ọ̀dà funfun.
Ó fi tépù bo òpó yẹn látòkè délẹ̀,
kò sọ nǹkan kan.
Ó ní kí n wá nǹkan tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má ta sí i.
Mo ronú kan àpò dúdú.
Ìwé ìròyìn ni mo mú wá.