Òróró Ẹ̀rọ Ìránṣọ Mi

Bàbá Ọláìtán, mo ti mọ ibi tí òróró ẹ̀rọ mi ń gbà lọ.
Ogún ọdún ni mo fi ń fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ iṣẹ́,
Ìbídùn, Fẹ́híntọ́lá, ọmọ Ìpetu tí kì í rẹ́rìn-ín;
mo ní wọ́n ń fi í para ni.
Àṣé abẹ́ ibùsùn wa nílé Ìsọ̀nà,
nínú agolo bisikíìtì tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí,
lo ti ń kán an, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
síbi tí ọ̀bẹ ti ń ká bí orúnkún.
(Ìjẹ̀ṣà ni mí. N kò ní máa pè ọ́ ní “ẹ” torí pé o kú.)

Ọ̀bẹ mọ́kànlá.
Mo tú wọn sórí aṣọ oníbàárà tí n kò tíì gé, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Èyí èkù egungun màlúù, èyí ìwo àgbọ̀nrín,
èyí igi pupa kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀,
ọ̀kan kékeré bí ìka ọmọdé, tó lójú mẹ́ta.
Orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n fín sídìí irin gbogbo wọn,
àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí n kò rí rí:
bàbá rọ, ọmọ rọ, ọmọ ọmọ ṣì ń rọ.
Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
Tiwọn ń gbẹ́ ẹ:
ẹni tó kú ni èkù, ẹni tó kù ni ojú.

Ìtàn àkọ́kọ́, o sọ ọ́ títí ó fi sú mi.
Bàbá rẹ, òṣómàáló,
ta kàkí láwìn fún òyìnbó tíṣà iléèwé orí òkè.
Oṣù parí, oṣù tún parí.
Bàbá lọ lóṣòó síwájú ilé rẹ̀
láti ìgbà tí àkùkọ kọ títí ilẹ̀ fi gbóná.
Tíṣà jáde, ó fa àpò ṣòkòtò méjèèjì síta bí etí ewúrẹ́.
Nǹkan kan ṣoṣo ló bọ́ sílẹ̀.
Bàbá kò jẹ́ kó fi lé òun lọ́wọ́, ìjà ni ọ̀bẹ àfilọ́wọ́ ń dà;
ilẹ̀ ló ti mú un,
ó sì fa igi lé gbèsè náà nínú ìwé.

Bí ọ̀kan ṣe di mọ́kànlá, ìwọ lo mọ̀.
Èmi mọ̀ díẹ̀: owó páànù, lọ́dún tí ìjì ṣí wa lórí;
ọkùnrin onítòkunbọ̀ yẹn ní Atákúnmọ̀sà
tó máa ń fọwọ́ pè ọ́ bí ẹni tó jí nǹkan.
O ní nọ́ńbà ìdí wọn ló ń sọ ọdún tí wọ́n rọ wọ́n,
pé ti ọdún ìgbéyàwó wa lò ń wá.
Mo ní, “Ṣé ọ̀bẹ lo gbé níyàwó?”
O rẹ́rìn-ín, o pa á dé. Tákí.
Mo ń gbọ́ ọ lóru nígbà náà. Mo rò pé eku ni.

Mo wọ gíláàsì, mo wá a.
Ọdún tí a bí Ọláìtán wà níbẹ̀.
Ọdún tí a sin àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀.
Tiwa kò sí.
Ó dùn mí. Ó yà mí lẹ́nu pé ó dùn mí.

Lánàá Ọláìtán ní òun ti rí ẹnìkan l'Ékòó tí yóò sanwó gidi.
Mo ní kó jẹ́ n rò ó.
Mo mú ọ̀bẹ gbèsè, mo fi bó ọsàn.
Èèpo rẹ̀ ń yí bọ̀ wálẹ̀ láìjá,
ó gùn bí téèpù tí mo fi ń wọn àyà oníbàárà,
títí ó fi kan ẹsẹ̀ mi.
Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ọ̀bẹ kíkú họ ọsàn nílé yìí,
ìwọ ń sùn lórí mọ́kànlá tó mú!

Mo nù ún. Mo kán òróró sí i.
Fẹ́híntọ́lá ti lọ́kọ sí Ìbòkun báyìí.
Bí òjò bá dá lọ́la,
mo ní láti lọ bẹ̀ ẹ́.