Orúkọ Ọrùn Kóòtù

Ahamefula ò ní ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ kan ló ní, àti àtàǹpàkò tó le bí èèpo igi.
Ní Aba, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn oníbàtà,
ó ń tú òkìríkà palẹ̀,
ó ń wo ibi tí òwú gbà wọlé,
ibi tó gbà jáde.
Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún kẹfà, ó ra Síńgà ọlọ́wọ́ lọ́wọ́ opó kan,
ẹ̀rọ tó ń wúkọ́ bí àgbà lásìkò ọyẹ́.
Oníbàárà ní, “Kọ Ítálì sí i lọ́rùn.
Ta ni yóò ra Aba?”
Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ Ítálì,
ìlú tí kò dé rí.

Ìyá rẹ̀ ò mọ̀wé. Ó fọwọ́ pa ọrùn kóòtù:
“Kí ni wọ́n kọ síbí?”
Ó ní, “Orúkọ mi ni.”

Kò sùn lóru náà.
Ahamefula: kí orúkọ mi má sọnù.
Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ò mọ̀
pé òun gan-an ni yóò sọ ọ́ nù.
Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti fi abẹ tú igba ọrùn.

Mo ní ọ̀kan nínú wọn.
Ó há díẹ̀ lábíyá.
Mi ò jẹ́ kí wọ́n tú u.