Pẹ́ńsù Ni Mo Fi Ń Kọ Orúkọ Wọn

Láàárọ̀ Sátidé, ní Colac, ìrì dídì funfun lórí koríko.
Mo gbé ọkọ̀ sí ibi tí mo máa ń gbé e sí, lẹ́yìn òpó mẹ́rin,
mo da tíì láti inú fúláàsì, ó jó mi létè,
mo gbé ìwé lé itan.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń wo ọmọ ọlọ́mọ
bí àwọn àgbẹ̀ ibí ṣe ń wo màlúù lọ́jọ́ títà:
ẹsẹ̀ ńkọ́? Èémí ńkọ́? Ta ni bàbá tó bí i?
Ojú ń tì mí díẹ̀.
Mo ṣì ń wò.

Fletcher Dunstone kọ́kọ́. Ó kù díẹ̀ kó ga tó mítà méjì.
Ó fò, orúnkún rẹ̀ gun èjìká ọmọ tó wà níwájú rẹ̀,
ó mú bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin náà lókè
bí ẹni mú fìlà lórí ìkọ́.
Àwọn ọkọ̀ tó yí pápá ká fun fèrè, pàáà, pàáà,
àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi yúkálíptọ́ọ̀sì.
Wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú,
kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ṣámúṣámú
tó dàgbà tán, tó ṣẹ́ ku ẹnu nìkan.

Manyuon Achiek, ọmọ Melton, ẹlẹ́sẹ̀ òsì.
Lọ́jọ́ ìdánwò, ó sá ogún mítà,
ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò pé.
Mo gbọn aago mi wò.
Àmọ́ eékún rẹ̀ ti wọ abẹ́ ọ̀bẹ rí,
dókítà wa sì máa ń sọ̀rọ̀ eékún
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé tó ti jóná lẹ́ẹ̀kan.

Mo rántí Kynan Pascall.
Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un, ìkarùn-ún ní gbogbo orílẹ̀-èdè.
Ìgbà òtútù méjì, àárò ilé gbé e padà.
Ọkọ̀ wàrà ló ń wà báyìí. A pàdé lójú títì lóṣù tó kọjá,
ó ṣẹ́ iná sí mi, ó rẹ́rìn-ín.
Ká ní ó bínú ni, ǹ bá mọ ojú ìwé tí mo lè kọ ọ́ sí.

Ní oṣù kọkànlá, Nerida á jókòó sídìí tábìlì gígùn,
á bi mí: "Clem, nínú mẹ́wàá, mélòó lo fẹ́ràn ọmọ yìí?"
Á fi ìka kan ti orúkọ sókè, á tì í sílẹ̀ lára pátákó.
Níbi tí àwọn ọmọ ti ń sùn,
wọn ò mọ̀ pé àwọn ń rìn.

Darcy Toohill kò sí nínú ìwé mi.
Ó kúrú, kò yára, kò sẹ́rọ tí yóò yìn ín.
Ayò ti bàjẹ́, wọ́n ti fi ọgọ́ta àmì ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ,
òjò ti ti etí adágún dé,
ọmọ yìí ṣì ń sá lọ sí àyè tí bọ́ọ̀lù lè gbà wá.
Bọ́ọ̀lù ò wá. Ó padà, ó tún sá.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kà.
Bọ́ọ̀lù ò wá.

Nígbà tí wọ́n parí, bátìrì ọkọ̀ mi ti kú,
ẹ̀rọ ooru ti fà á gbẹ.
Ẹnìkan kan gíláàsì. Toohill ni, ẹrọ̀fọ̀ títí dé etí:
"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tì í."
Ó tì í. Bàtà rẹ̀ ń yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́,
orí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí nínú dígí.
Ẹ́ńjìnnì gbà.
Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ ẹni tí mo jẹ́.
Ohun tí iṣẹ́ yìí sọ mí dà nìyẹn:
wọ́n ṣe mí lóore, mo ń wá ìdí.

Mo dúró ní Birregurra, mo mú pẹ́ńsù,
mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kékeré,
mi ò kọ nọ́ńbà kankan tì í.
Tíì ti tutù. Mo mu ún bẹ́ẹ̀.